Ta Ló Ń Yan Gómìnà fún Ará Èkó Tí Kò Ní Káàdì Ẹgbẹ́?

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ APC tò lórí ìlà ní wọ́ọ̀dù 245 tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti Ẹ̀pẹ́ dé Badagry, láti Ìkòròdú dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Gómìnà tó wà lórí àlééfà, Akínwùnmí Ambode, ń bá Babájídé Sanwó-Olú du àsíá ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n ka èsì, Sanwó-Olú ní ìbò 970,851, Ambode ní 72,901. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2019, Èkó jáde dìbò gómìnà gan-an. Ìbò tí Sanwó-Olú fi wọlé jẹ́ 739,445.

Ó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wo nọ́ńbà méjèèjì yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń dìbò abẹ́lé. Ìdìbò gómìnà jẹ́ ti gbogbo ẹni tó ní káàdì ìdìbò: ọmọ APC, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, àti ẹni tí kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe. Síbẹ̀, ìbò tí ọkùnrin kan ní láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ fi 231,406 ju èyí tó ní láàárín gbogbo ìlú lọ. Nínú méjì, ọ̀kan ni. Bóyá ogunlọ́gọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó tò lórí ìlà nínú oṣù kẹwàá ló jókòó sílé nínú oṣù kẹta, tàbí kó jẹ́ pé kì í ṣe orí èèyàn ni wọ́n kà nínú oṣù kẹwàá. Èyí tó wù kó jẹ́, ará Èkó tí kò ní káàdì ẹgbẹ́ rí i kedere pé ibi tí wọ́n ti mú gómìnà, wọn kò pe òun síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀ ká ní ìdìbò gbogboogbò máa ń yí ìjọba padà l'Ékòó. Láti ọdún 1999, ìdílé òṣèlú kan náà ló ń wọ ilé ìjọba: Bọ́lá Tinúbú lọ́dún náà, Babátúndé Fáṣọlá ní ọdún 2007, Ambode ní ọdún 2015, Sanwó-Olú ní ọdún 2019. Orúkọ ẹgbẹ́ ti yí láti AD sí AC, sí ACN, sí APC, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba àsíá rẹ̀ kò tí ì fìdí rẹmi rí. Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ yìí gan-an ni ìdìbò gómìnà ní Èkó, àwọn tí kò sì ní ohùn níbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìlú.

Ta ni wọ́n? Oníṣòwò aṣọ ní Balógun tó ń san owó orí sí àpò ìjọba lọ́dọọdún wà lára wọn. Awakọ̀ dánfó ní Òbáléńdé wà lára wọn, àti ọ̀dọ́ tó jáde yunifásítì tó ń pín yàrá kan pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ ní Òkè Pópó, àti òṣìṣẹ́ báńkì ní òpópónà Broad. Káàdì ìdìbò wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò gba káàdì ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ gbà á, nítorí pé nínú ẹgbẹ́, ẹni tí èèyàn ń tẹ̀ lé máa ń ṣe pàtàkì ju ohun tí èèyàn ń fẹ́ lọ. Bí ọ̀rọ̀ olùdíje bá délẹ̀, gbólóhùn tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn ni pé, "Àwọn bàbá ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́." Àwọn bàbá tí wọ́n ń wí ni ìgbìmọ̀ àgbà ẹgbẹ́ APC l'Ékòó tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí GAC.

Ojú tí irú olùdìbò yìí fi ń wo olùdíje yàtọ̀ sí ojú tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ń wò ó. Ọ̀rọ̀ Ambode fi hàn dáadáa. Láàárín ẹgbẹ́, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà ètò ìdàgbàsókè tí ẹgbẹ́ là sílẹ̀. Tinúbú fúnra rẹ̀ gbé ìwé jáde láti sọ bẹ́ẹ̀ bí ìdìbò abẹ́lé náà ṣe ń wọlé bọ̀. Ní ìgboro, àwọn kan ń tọ́ka sí afárá Abúlé Ẹ̀gbá àti ti Àjá tó kọ́. Àwọn mìíràn ní kó máa lọ, nítorí pàǹtírí tó kún ojú títì lẹ́yìn tí ètò ìkólẹ̀ tuntun rẹ̀ gba iṣẹ́ mọ́ àwọn akólẹ̀ aládàáni tí wọ́n ń pè ní PSP lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ka ohùn wọn nínú oṣù kẹwàá ọdún 2018, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà ni wọ́n pinnu ẹni tí yóò máa kólẹ̀ wọn fún ọdún mẹ́rin tó ń bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, irú olùdìbò yìí kì í ṣe ẹni à ń fojú fò. Ìwádìí àjọ Gallup fi hàn pé ní ọdún 2024, nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 43 ló ní àwọn kì í ṣe Democrat, àwọn kì í sì í ṣe Republican. Kò sí èyí tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin bí àwọn èèyàn wọ̀nyí yóò ṣe kópa nínú ìdìbò abẹ́lé. Ní New Hampshire, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan lè gba ìwé ìdìbò ẹgbẹ́ tó bá wù ú. Irú wọn ló ran John McCain lọ́wọ́ láti na George W. Bush níbẹ̀ ní ọdún 2000. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ wọn dìbò fún Nikki Haley. Ó ní nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, Donald Trump ní nǹkan bí 54.

McCain kò gba àsíá ẹgbẹ́ ní ọdún 2000, Haley náà kò sì gbà á ní ọdún 2024, torí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ tó kù ní ẹni tí ọkàn wọn yàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó parí yíyàn, ẹgbẹ́ Republican ti gbọ́ ohun tí ará ìta ń rò nípa olùdíje kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọ́ ọ nínú ìbò tí wọ́n kà níṣojú gbogbo ayé.

Kì í ṣe gbogbo Amẹ́ríkà ló ṣílẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ní New York, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń dìbò abẹ́lé. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2016, méjì nínú àwọn ọmọ Trump, Ivanka àti Eric, kò lè dìbò fún bàbá wọn níbẹ̀, nítorí pé oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú ni àǹfààní láti yí orúkọ sínú ẹgbẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin náà le, àmọ́ ó mú ọmọ olówó bó ṣe mú ọmọ tálákà. Inú ìwé ìjọba ni orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ alága wọ́ọ̀dù. Ní California ẹ̀wẹ̀, láti ọdún 2012, gbogbo olùdíje fún ipò gómìnà tàbí aṣòfin máa ń wà lórí ìwé ìdìbò abẹ́lé kan náà, gbogbo olùdìbò ló ń dìbò, àwọn méjì tó bá léwájú ló ń kọjá sí ìpele tó kàn.

Èkó kò ṣàjèjì sí àríyànjiyàn yìí. Orí erékùṣù Èkó gan-an ni òṣèlú ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1923, lẹ́yìn tí òfin Gómìnà Clifford fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, Herbert Macaulay dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin tó ń rí owó tó tó 100 pọ́n-ún lọ́dún nìkan ló lè dìbò, nítorí náà ọ̀pọ̀ jùlọ ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní ìbò kankan. Macaulay mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ló lọ gbé agbára ẹgbẹ́ rẹ̀ kà: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jà fún Ọba Èṣúgbàyí Elékòó, ọ̀dọ̀ àwọn mùsùlùmí, àti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ọjà tí Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà ti ọjà Èrékò ń darí. Àwọn obìnrin yẹn kò lè tẹ̀ka, ṣùgbọ́n olùdíje tí wọn kò bá fẹ́ mọ̀ pé òun wà nínú ewu. Ẹni tí kò ní ìbò ní Ìsàlẹ̀ Èkó ọdún 1923 ní ipá lórí ẹni tí yóò díje ju bí ẹni tó ní káàdì ìdìbò lọ́wọ́ lónìí ṣe ní in lọ.

Ní ọdún 1941, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement tó ti gba Èkó lọ́wọ́ NNDP ní láti yan ẹni tí yóò rọ́pò Dókítà Kòfówórọlá Abáyọ̀mí nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn méjì tó jáde ni Ernest Ikoli, ọmọ Íjọ̀, àti Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ mú Ikoli. Akínsànyà kò gbà, ó jáde bá Ikoli díje, Ikoli sì wọlé. Nnamdi Azikiwe tó wà lẹ́yìn Akínsànyà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ Ìgbò àti Ìjẹ̀bú bá a lọ, ẹgbẹ́ náà kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n ń du. Ohun tó fọ́ ẹgbẹ́ ni pé àwọn tó pàdánù kò gbà pé ọ̀nà tí wọ́n fi yan olùdíje tọ́.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ti òní jù ni ti ọdún 1991. Ẹgbẹ́ SDP ló lágbára jù l'Ékòó, ṣùgbọ́n Dàpọ̀ Sàrùmí àti Fẹ́mi Agbálájọbí dojú ìjà kọ ara wọn lórí àsíá gómìnà. Ìdìbò abẹ́lé wọn dàrú, wọ́n yọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ìdíje, wọ́n sì fi Yọ̀mí Ẹ̀dú rọ́pò wọn. Nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn, Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti ẹgbẹ́ NRC ló wọlé. Èkó kò tìtorí èyí di ìlú NRC: ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ìpínlẹ̀ kan náà tú yááyáá jáde dìbò fún M.K.O. Abíọ́lá ti SDP. Ohun tí ará ìlú kọ̀ ní ọdún 1991 ni ìwà tí àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ hù nínú ilé. Nígbà yẹn, olùdìbò ní ibòmíràn tó lè yà sí.

Ọ̀nà tí Abíọ́lá fúnra rẹ̀ gbà dé orí ìwé ìdìbò náà yẹ ní ìrántí. Lábẹ́ ètò Option A4 tí àjọ elétò ìdìbò gbé kalẹ̀ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu jẹ́ alága rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kó tó bọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, sí ìpínlẹ̀, kó tó dé àpérò ẹgbẹ́ ní Jos. Àwọn aládùúgbò ló kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ olùdíje. Nígbà tí ìjọba ológun fagi lé ìbò náà, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní erékùṣù Èkó ni Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1994. Ó mọ ibi tí ìgbàgbọ́ ará ìlú nínú ìbò yẹn jinlẹ̀ sí.

Ẹ wá fi èyí wé ọdún 2022. Ní Eagle Square l'Ábùjá, ìbò 1,271 ló sọ Tinúbú di olùdíje APC fún ipò ààrẹ. Àwọn aṣojú tó dìbò níbẹ̀ kò tó 2,500, ní orílẹ̀-èdè tí àjọ INEC ti forúkọ olùdìbò 93,469,008 sílẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé PDP, Peter Obi kúrò nínú ẹgbẹ́ náà bọ́ sí Labour. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, Obi ní ìbò 582,454 ní ìpínlẹ̀ Èkó, Tinúbú ní 572,606. Erékùṣù Èkó dúró ti Tinúbú, ṣùgbọ́n ní Ẹ̀tì-Ọ̀sà tó múlé tì í, Labour ló borí, Thaddeus Attah tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì na APC àti olórin Banky W ti PDP sí ìjókòó ilé aṣojú-ṣòfin. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè sọ pé òun ló kó àwọn olùdìbò yẹn jọ. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní káàdì ẹgbẹ́ kankan títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dìbò gómìnà. Sanwó-Olú ní 762,134, Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour ti Labour ní 312,329. Olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ l'Ékòó lé ní mílíọ̀nù méje. Àwọn tó dìbò lọ́jọ́ náà kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Ìdẹ́rùbà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn olùwòye láti Yúróòpù sì kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́ ló ń mú mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó sílé. Èèyàn kì í fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ tẹ̀ka lórí ohun tó gbà pé wọ́n ti parí.

Ará erékùṣù sì ní ìbéèrè tó wúwo láti bi olùdíje. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìdìbò gómìnà, ilé kan tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀ wó lulẹ̀ ní Ìta Fàájì. Ọmọdé kú. Àwọn aláṣẹ ìjọba sọ pé wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn, iná jó ní ọjà Balógun. Nínú oṣù kìíní ọdún 2020, iná tún jó níbẹ̀. Ta ló máa ń sàmì sí ilé tí kò ní wó o? Ojú ọ̀nà wo ni ọkọ̀ panápaná yóò gbà wọ Balógun lọ́sàn-án? Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò lè bi olùdíje ní ìbéèrè wọ̀nyí ní àsìkò tí ìdáhùn lè yí nǹkan padà, ìyẹn kí wọ́n tó fún un ní àsíá. Bí àsíá bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ tán, kò sí ìdáhùn tó lè mú un pàdánù.

Àwọn kan yóò ní ẹgbẹ́ òṣèlú jẹ́ ti àwọn tó dá a sílẹ̀, pé kí ẹni tó bá fẹ́ ohùn níbẹ̀ lọ gba káàdì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí kò yẹ kí ọmọ PDP wá yan olùdíje tó rọrùn láti nà fún APC. Òfin New Hampshire ti rí ojútùú sí èyí: ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ ní ẹgbẹ́ kejì kò lè wọlé, ẹni tí kò sí níbì kankan ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Ó sì yẹ kí á rántí pé ìwé òfin Nàìjíríà kò fún ará ìlú ní ọ̀nà mìíràn. Abala 131 àti 177 sọ pé ẹni tí yóò jẹ ààrẹ tàbí gómìnà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Nígbà tí Tanzania ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dájọ́ ní ọdún 2013, nínú ẹjọ́ tí Mtikila pè, pé ó tẹ ẹ̀tọ́ ará ìlú mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tí òfin sọ di ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sí ipò ìjọba kò lè máa pe ara rẹ̀ ní ilé àdáni.

Òfin Ìdìbò ọdún 2022 gbé ìgbésẹ̀ kan. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí INEC ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ fi ìfẹnukò mú ẹnì kan, gbogbo olùdíje tó kù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n olùdíje nìkan ni òfin náà fún láyè láti lọ sílé-ẹjọ́ bí wọ́n bá ṣe màgòmágó nínú ìdìbò abẹ́lé. Olùdìbò kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Bí ìdìbò ọdún 2027 ṣe ń sún mọ́lé, ohun mẹ́ta ló yẹ kí ará Èkó máa béèrè fún, kí wọ́n sì béèrè kíkankíkan. Èkínní ni pé kí wọ́n lẹ iye ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri ṣáájú ìdìbò abẹ́lé, kí wọ́n sì lẹ èsì wọ́ọ̀dù náà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá ṣe èyí ní ọdún 2018, gbogbo èèyàn ni ì bá mọ ibi tí 970,851 ti jáde wá. Èkejì ni pé kí ilé aṣòfin jẹ́ kí ẹni tó ní káàdì ìdìbò, tí orúkọ rẹ̀ kò sí ní ẹgbẹ́ kankan, lè dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé kan ṣoṣo tó bá yàn. Èyí yóò gba àkókò, yóò sì gba ìjà.

Ẹ̀kẹta kò nílò òfin tuntun rárá. Kí gbogbo ẹni tó ń du àsíá gómìnà, nínú ẹgbẹ́ yòówù, wá jókòó ní gbangba ní Glover Hall tàbí ní pápá Campos ṣáájú ìdìbò abẹ́lé, kí ará Ìsàlẹ̀ Èkó, Láfíàjí àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ilé tó ń wó, ọjà tó ń jó àti owó ilé tó ń lé ọmọ onílẹ̀ kúrò ní erékùṣù, láìbéèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹgbẹ́ ọjà, àwọn mọ́ṣáláṣí àti ìjọ, àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ àdúgbò lágbára tó láti pè wọ́n. Kí wọ́n kọ ìwé ìpè náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n sì tẹ orúkọ olùdíje tó bá kọ̀ láti wá jáde kí ìdìbò abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀.